Ohun Tí Kúbúrá Fún Ẹ́ńjìnnì Mu

Nígbà tí wọ́n fi okùn wọ́ ọkọ̀ Misbaudeen dé ojúde ilé ní Bẹyẹrunka, Kúbúrá ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ká òwú. Kò dìde. Ó wo ọkọ̀ náà láti imú dé ìdí, ó pòṣé, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin agbókùú. Ẹ bá wa tẹ́ ẹ síbẹ̀.”

Ọkọ̀ pupa ni, ó sì rẹlẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ yóò kọ́kọ́ forí balẹ̀ fún un. Torí ìdíje eré ni àwọn tó ṣe é fi ṣe é. Ẹ wá wo ẹni tó lọ rà á: ọmọ Bẹyẹrunka, níbi tí ilé ti forí korí, tí ewúrẹ́ ń sùn sáàárín ọ̀nà láìbẹ̀rù ẹnì kan, tí kẹ̀kẹ́ ológeere pàápàá ń wá àyè tí yóò gbà kọjá. Ẹlẹ́sẹ̀ ń yà á sílẹ̀ ládùúgbò. Ariwo nìkan ló rí fi sáré. Bí Misbaudeen bá tẹ iná mọ́ ọn lórí ìdúró, àwọn ọmọ ọwọ́ á ta gìrì láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ á sì máa kígbe pé, “Misbau Túbò!” Ó ń jẹ́ ẹ. Ọkùnrin tó ti ń hu ewú ní irùngbọ̀n, orúkọ tó wù ú kí wọ́n máa pe òun nìyẹn.

Fóònù ni ó ń tà ní Bẹẹrẹ, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni ó sì ń lọ kó ọjà wá láti Èkó. Bí ó bá dé, kì í ròyìn ọjà. Eré ni ó ń ròyìn. “Ìyá mi ń po ògì lọ́wọ́ nígbà tí mo kúrò nílé. Kí wọ́n tó mu ún tán, mo ti dé Ọ̀jọ́ta.” Àwọn tó yí i ká á pàtẹ́wọ́. Ẹ gbọ́ ná, kí la ń pàtẹ́wọ́ fún? Ẹni tó yára dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti retí rẹ̀, kí ló jẹ lérè níbẹ̀?

Irú àtẹ́wọ́ yìí kò ṣàjèjì sí Kúbúrá. Òjé ni wọ́n bí i sí. Òwú ni ìyá rẹ̀ ń tà fún àwọn tó ń hun òfì, òwú náà ni òun ń tà títí dòní. Bí ó bá fa fọ́nrán kan láàárín ìka rẹ̀, ó ti mọ èyí tí yóò já. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe ń fa ènìyàn wò, àwọn tó sì ń já lójú rẹ̀ pọ̀ ju àwọn tí kò já lọ. Awakọ̀ akẹ́rù ni ó fẹ́, ọkùnrin gíga kan tó máa ń kó àlùbọ́sà wá láti òkè Ọya. Ìjì ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un ní gbogbo gárééjì, òun náà ń sáré sí àtẹ́wọ́ wọn, títí di ọjọ́ tí wọ́n gbé fìlà rẹ̀ wá bá Kúbúrá láti ojú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Fìlà nìkan ló ṣeé gbé wá sílé. Kúbúrá ṣì ń pọn Misbaudeen nígbà náà. Nígbà tí wọ́n ṣe fídáù, àwọn alátẹ́wọ́ wá, wọ́n jẹun, wọ́n nu ọwọ́, wọ́n ní, “Háà, ọkùnrin yẹn mọ ọkọ̀ wà o!” Kúbúrá dá wọn lóhùn láàárín èrò pé, “Bó bá mọ̀ ọ́n wà, ẹ lọ pè é wá nínú sàréè kó wá gbé yín padà sílé.” Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ pé ẹnu rẹ̀ mú jù.

Ẹnu rẹ̀ mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló wà nídìí rẹ̀. Ẹ̀rù ń ba Kúbúrá. Ọmọ kan ṣoṣo ni ó bí fún Ìjì, ọmọ náà sì ti lọ fi owó ara rẹ̀ ra ikú tó pa bàbá rẹ̀. Kò sí ẹ̀bẹ̀ tí kò bẹ̀. Ó fi ìbínú sọ ọ́, ó fi ẹkún sọ ọ́, ó ní kí mọ́gàjí bá a sọ ọ́. Misbaudeen á rẹ́rìn-ín, á ní, “Ìyá, ayé ti yàtọ̀. Bíréèkì tiwa lágbára.” Nígbà tó sú u, ó lọ bá ààfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú lẹ́yìn ilé wọn. Ààfáà fi yíǹkì kọ ọ̀rọ̀ Kùráánì sára wàláà, ó fi omi fọ̀ ọ́ sínú ìgò, ó po oyin mọ́ ọn kó lè ṣeé mu. Ó ní kí ọmọ náà máa mu hántù yìí láràárọ̀, kí ọkàn rẹ̀ lè rọ̀. Misbaudeen gbé ìgò náà sókè, ó wò ó.

“Yíǹkì lẹ fẹ́ kí n máa mu? Ẹ kúkú fún ọkọ̀ mu, Ìyá. Ṣebí ọkọ̀ ló ń sáré.”

Òun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ o.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń rọ ọ́ìlì sí ẹ́ńjìnnì. Fóònù dún nínú ilé, ó sáré wọlé láìdé ẹnu ibi tó ń rọ ọ́ìlì sí. Kúbúrá dúró síbẹ̀ tòun ti ìgò hántù. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn tí ọmọ rẹ̀ sọ padà wá sí i lọ́kàn, ó sì rò ó pé, kí ló burú níbẹ̀? Bí olówó ọkọ̀ kò bá mu ún, ọkọ̀ á mu ún. Ó da ìdajì ìgò sínú ihò dúdú náà. “Bísímílàhì. Má ṣe sáré pa ọmọ mi.” Misbaudeen jáde, ó dé e, ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó wa ọkọ̀ lọ. Kò tíì gun òkè Mápó dé ìdajì tí ẹ́ńjìnnì fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbà gbà gbà, bí ìgbà tí wọ́n ń fi ọmọ odó gún òkúta. Ó tú èéfín, ó dákẹ́, lójú gbogbo àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì.

Kúbúrá kò gbèrò pé kó kú. Àdúrà ni ó fẹ́ kó wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òpè, ó mọ ohun tí òun ṣe. Láti ọjọ́ náà ni ìgò tó kù sí ìdajì kò ti kúrò nínú àpò òwú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i nílé. Bí wọ́n bá tú ẹ́ńjìnnì yẹn, wọn yóò rí ohun tó wà níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo yóò sì mọ̀ pé ìyá òun ló pa ohun tí òun fẹ́ràn jù láyé. Ìdí nìyẹn tó fi jókòó ti àwọn ọkùnrin nígbà tí wọ́n pé jọ láti pinnu ohun tí wọ́n máa ṣe sí i.

Àwọn ọkùnrin náà ńkọ́? Ẹ bá mi wò wọ́n. Àkíbù mẹkáníìkì jókòó lórí àga, ikùn rẹ̀ jókòó lórí itan rẹ̀. Ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ débi pé kì í fọwọ́ kan ọkọ̀ mọ́, ẹnu ni ó fi ń tún un ṣe.

“Gate là ń lọ,” ni ó wí. “A máa ra odindi tòkunbọ̀, irú èyí gan-an, a máa gbé e sí i, ó parí. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá ti tú ní Ìbàdàn yìí, ara rẹ̀ kì í pé mọ́. Níbo lẹ ti fẹ́ rí písítìn gidi? Ayédèrú ló kún ìta.”

Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo Bẹẹrẹ ló mọ̀ pé òun àti àwọn tó ń ta ẹ́ńjìnnì ní Gate jọ ń jẹun nínú abọ́ kan ni.

Oyèdélé kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀rẹ́ Misbaudeen ni, ọmọ ìdílé onígbàgbọ́ láti Àrẹ̀mọ, olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Inú fóònù ni ó ti kọ́ gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ọkọ̀. Ọ́ìlì kò wọ èékánná rẹ̀ rí.

“Tòkunbọ̀ kẹ̀? Ta ló mọ bí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ṣe lò ó? Ẹ jẹ́ ká tú ojúlówó tó wà níbẹ̀. Ká gbẹ́ ihò písítìn fẹ̀ díẹ̀, ká ra písítìn alágbára láti òkè òkun, ká pààrọ̀ gbogbo bẹ́árìn. Á tún lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.”

“Ta ló máa gbẹ́ ẹ?” ni Àkíbù béèrè. “Ìwọ?”

“Mo ní fídíò rẹ̀.”

“Ó dáa. Gbé fídíò náà sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó máa gbé e lọ.”

Kúbúrá gbé òwú sílẹ̀. “Ṣé kò sí kékeré ni?”

Gbogbo wọn yíjú sí i.

“Ẹ́ńjìnnì kékeré, irú tó wà nínú ọkọ̀ àwọn tíṣà, tó máa ń rìn jẹ́jẹ́, tí kì í yọ ará àdúgbò lẹ́nu. Ẹ yọ èyí, ẹ má wulẹ̀ ṣí i wò, ẹ gbé e fún àwọn tó ń ra irin. Ẹ gbé kékeré sí i.”

Obìnrin tí kò sọ ọ̀rọ̀ rere kan nípa ọkọ̀ rí láyé rẹ̀ ló dé tó ń yan ẹ́ńjìnnì yìí. Àkíbù rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì.

“Màmá, kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe o. A máa gé ibi tó jókòó lé, a máa jó irin mìíràn mọ́ ọn, a sì máa tún gbogbo wáyà rẹ̀ tò. Ṣùgbọ́n ìtìjú ni. Ta ló ń fi ọkàn adìẹ sínú kìnnìún?”

“Kìnnìún wo? Èyí tí wọ́n fi okùn wọ́ wálé?”

Misbaudeen kò rẹ́rìn-ín. “Ìyá, ṣé kí n jókòó sínú ọkọ̀ yìí kí àwọn oní-márúwá máa yà mí sílẹ̀ ní Mápó? Ó sàn kí n sin ín.”

“Sin ín. Màá bá ọ gbẹ́lẹ̀.”

Bí wọ́n ṣe ń jà á lọ jà á bọ̀ nìyẹn, ọ̀rọ̀ Àkíbù ló wá borí. Kúbúrá fara mọ́ ọn kíákíá. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá ra òmíràn, eré tún dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù méjì ni ó gbé lérí, ó sì fẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ̀kan kalẹ̀: ti àtijọ́ á bá àwọn onírin lọ láìtú. Ó tilẹ̀ ní òun á tẹ̀ lé wọn lọ sí Gate.

Ẹ́ńjìnnì tò sílẹ̀ ní Gate bí ẹran tí wọ́n ti bó. Ọláyíwọlá tó ń tà wọ́n gbé irú ti Misbaudeen sórí táyà ògbólógbòó kan, ó so bátìrì mọ́ ọn, ó rọ epo sí i láti inú ìgò, ó sì tẹ iná sí i. Ariwo sọ. Ẹ́ńjìnnì náà ń fò sókè lórí táyà bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lóyin. Kò sí èéfín kankan. Ẹ̀rín sọ lẹ́nu Misbaudeen, Àkíbù ń mi orí bí ẹni pé òun ló bí i.

“Kí ló dé tó fi mọ́ tó báyìí?” ni Kúbúrá béèrè. Ìbéèrè oníṣòwò ni, ẹni tó ń ta òwú máa ń béèrè orísun òwú.

Ọláyíwọlá gbá àyà. “Màmá, inú ọkọ̀ tó ní ìjàǹbá ni wọ́n ti yọ ọ́! Òun ló dáa jù. Kì í ṣe pé ó gbó kí wọ́n tó jù ú nù. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rún, ẹ̀yìn rún, àmọ́ ẹ́ńjìnnì ò mọ nǹkan kan.”

“Ẹni tó ń wà á ńkọ́?”

“Èwo nìyẹn, Màmá? Ẹ́ńjìnnì là ń tà níbí.”

Ẹ́ńjìnnì náà ṣì ń fò lórí táyà. Misbaudeen wò ó, ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, ó wá ní kí wọ́n pa á. Kò sọ ìdí. Ó di ojú ọ̀nà kó tó sọ pé ohùn ẹ́ńjìnnì náà kò tẹ́ òun lọ́rùn, pé èyí tí òun mọ̀ láti ọjọ́ yìí sàn ju ti ẹni tí òun kò mọ̀. Wọn yóò tú tirẹ̀, wọn yóò tún un ṣe. Inú Oyèdélé dùn pé ọ̀rọ̀ òun ló borí, ó gbọn agbádá tí kò wọ̀. Kúbúrá jókòó sẹ́yìn táksí tó ń gbé wọn padà, ó di àpò òwú rẹ̀ mú. Ẹnu rẹ̀ tó fi ń gé àwọn ẹlòmíràn ti gé òun náà.

Abẹ́ òkè Mápó ni ṣọ́ọ̀bù Àkíbù wà. Wọ́n wọ́ ọkọ̀ lọ síbẹ̀, wọ́n fi ṣéènì gbé ẹ́ńjìnnì náà jáde, Kúbúrá gbé àpótí, ó jókòó tì wọ́n. Wọ́n ní kó máa lọ sílé, ó ní ojú ọjọ́ dára níbẹ̀. Ọ́ìlì tó kọ́kọ́ jáde funfun bí ògì tó bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n yọ irin tó wà nísàlẹ̀, wọ́n bá nǹkan dúdú kan tó le mọ́ ara bẹ́árìn, òórùn oyin tó jó sì gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Àkíbù ha díẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi kan ahọ́n.

“Ó dùn!”

“Ṣúgà ni!” Oyèdélé fò sókè. “Mo ti rí i nínú fídíò! Ọ̀tá ló máa ń ṣe é. Ẹnì kan ló da nǹkan dídùn sí i!”

Ibi tí orí burúkú ti bá Gabriel nìyẹn. Ọkùnrin Òkè Padre ni, bàbá ọlọ́mọ, tó ń fi fífọ ọkọ̀ jẹun ní Bẹẹrẹ. Òun ló máa ń fọ ọkọ̀ Misbaudeen, ó sì yà wá kí i kú àdánù, ìgò mínírà tó ń mu wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo wọn wo ìgò náà. Ọgbọ́n tí wọ́n ti ń wá láti ọjọ́ yìí, lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n rí i! Misbaudeen gbá a lọ́rùn ẹ̀wù mú.

“Ta ló rán ọ sí mi?”

“Ọ̀gá, ẹ gbọ́ mi ná. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.”

“Ẹ lọ pe ọlọ́pàá,” ni Àkíbù wí, láìdìde.

Misbaudeen gbé ọwọ́ sókè. Kúbúrá rí ọwọ́ náà. Ó rí ojú Gabriel. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àgbà tó sì tún mọ̀ pé òun lòun yí orí ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ńkọ́? Ó dìde lórí àpótí.

“Sọ ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Èmi ni.”

Wọn kò gbọ́ ọ yé. Ó ki ọwọ́ bọ àpò òwú, ó yọ ìgò jáde, ó gbé e síwájú wọn.

“Hántù tí o kọ̀ láti mu. Ìwọ lo ní kí n fún ọkọ̀ mu, mo fún un mu. Ẹ̀yin ọlọ́gbọ́n tí ẹ jókòó síbí, tí ẹ ń wá ọ̀tá kiri, òwò òwú ni ọ̀tá náà ń ṣe ní Òjé.”

“Màmá,” ni Oyèdélé wí, “kì í ṣe àdúrà ló ṣe é o. Oyin ló wọ inú ọ́ìlì, ó wá…”

“Oyèdélé, jókòó.”

Ó jókòó.

Ọwọ́ Misbaudeen tú kúrò lọ́rùn Gabriel. “Ìyá, ẹ̀yin lẹ ba ọkọ̀ mi jẹ́? Kí ló dé tí ẹ ò bá mi sọ ọ́?”

“Kí n bá ọ sọ ọ́?” Kúbúrá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn létí. “Mo bá ọ sọ ọ́ títí ẹnu mi fi bó. Nígbà tí o ò gbọ́, mo lọ bá èyí tó máa gbọ́. Mo ní kó má sáré pa ọmọ mi. Ẹ wò ó nílẹ̀ níbẹ̀. Irin lásán gbọ́ràn sí mi lẹ́nu lọ́jọ́ kan ṣoṣo, èyí tí mo pọ̀n sẹ́yìn ò gbọ́.”

Ohùn rẹ̀ wá lọ sílẹ̀.

“Wọ́n gbé fìlà bàbá rẹ fún mi, mo gbà á. Tún un ṣe bó o bá fẹ́, ra èyí tó ń fò bó o bá fẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé tìẹ wá, Misbau, n ò ní gbà á. Màá ní kí wọ́n gbé e padà síbi tí wọ́n ti rí i.”

Misbaudeen wo ẹ́ńjìnnì tó wà nílẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀, bí ẹni pé ó pẹ́ tó ti wò ó gbẹ̀yìn. Ó yíjú sí Gabriel, ó dọ̀bálẹ̀ fún un nínú ọ́ìlì, ọkùnrin náà sì ní kó dìde, pé kò sí nǹkan kan. Nígbà tó dìde, ó nawọ́ sí ìgò náà.

“Ṣé gbogbo èyí tó kù rèé?”

“Gbogbo rẹ̀ ni.”

Ó ṣí i, ó gbé e sẹ́nu, ó mu ún tán pátápátá. Ojú rẹ̀ kọ́rẹ́lọ́wọ́. “Ó dùn jù,” ni ó wí.

“Ẹ́ńjìnnì rẹ náà sọ bẹ́ẹ̀.”

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó ní kí Àkíbù bá òun wá èyí tó kéré, irú ti àwọn tíṣà. Àkíbù ní, “Túbò! Kí ni wọ́n máa sọ ní Bẹẹrẹ?”

“Misbaudeen lorúkọ mi,” ni ó dá a lóhùn.

Kúbúrá la ẹnu láti pòṣé, bí ó ṣe máa ń ṣe. Òṣé kọ̀, kò jáde. Ó jókòó padà sórí àpótí, ó fi ìborùn bo ojú, ó sì sunkún níwájú gbogbo wọn.